Ọmọ Ń Wo Àwòrán, À Ń Ní Ó Ti Ń Kàwé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn o. Ojú ewé àwọn ọmọdé ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ máa ń ya ajá, ẹ ó kọ “ajá” sábẹ́ rẹ̀. Ẹ ya bàtà, ẹ kọ “bàtà” sábẹ́ rẹ̀. Ó dùn-ún wò. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ìwé kíkà nira fún ni mò ń kọ́, mo sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: àwòrán lọmọ ń wò tó fi ń pariwo “ajá!”, tí àgbàlagbà ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ fọwọ́ bo àwòrán yẹn, ẹnu á wọhò.

Ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ di ọ̀kan lọ́kàn ọmọ: orúkọ tó gbọ́, nǹkan tó rí, àti ọ̀rọ̀ tí a kọ. Wọn kò sì jọra rárá. “Ajá” tí a kọ kò nírù, kì í gbó. Lọ́dún 1971, Murray Sidman, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, gbé ìròyìn jáde nípa ọmọkùnrin ọdún 17 kan tí ọpọlọ rẹ̀ kò dàgbà tó ọjọ́ orí rẹ̀. Pe orúkọ nǹkan, á nawọ́ sí àwòrán rẹ̀. Fi àwòrán hàn án, á pe orúkọ rẹ̀. Kò lè kàwé. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n wá kọ́ ọ, lórí 20 ọ̀rọ̀: bí wọ́n bá pe ọ̀rọ̀, kó mú un láàárín àwọn tí a kọ. Nígbà tó yá, ó ń fi ọ̀rọ̀ tí a kọ mú àwòrán, ó ń fi àwòrán mú ọ̀rọ̀, ó sì ń kà á sókè, láìjẹ́ pé ẹnì kan kọ́ ọ ní ìwọ̀nyẹn.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń wá sọ́dọ̀ wa náà ti mọ orúkọ àti àwòrán kó tó dé. Kí ló dé tí a tún ń kọ́ wọn ní gbogbo ìsopọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi sú wọn? Ẹ jẹ́ ká ka àlọ àti àbọ̀ sí ìsopọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: nínú ohun mẹ́ta, bí a bá kọ́ ọmọ ní ìsopọ̀ méjì, mẹ́rin mìíràn lè yọjú fúnra wọn. Bí ohun náà bá di mẹ́rin, ká kọ́ ọ ní mẹ́ta, mẹ́sàn-án ló lè tẹ̀lé e.

“Lè” ni mo wí o. Sidman àti William Tailby tí wọ́n jọ ṣe ìwádìí là á sílẹ̀ lọ́dún 1982 pé ó yẹ ká dán an wò: ṣé ọmọ mọ ohun kan pọ̀ mọ́ irú rẹ̀ gan-an, ṣé ọ̀nà tí a gbà kọ́ ọ lọ, ó lè gbà á padà, ṣé ohun méjì tó bá ẹ̀kẹta tan ti mọ ara wọn. Ti ìpadàbọ̀ yẹn dà bí ohun tí kò ṣòro, àmọ́ òun gan-an ló ń dá ẹyẹlé àti ọ̀bọ dúró nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí. (Kìnnìún òkun kan, èyí tí òyìnbó ń pè ní “sea lion”, ní California, Rio lorúkọ rẹ̀, yege nínú ti ìpadàbọ̀ yẹn, ọdún 1993 ni ìròyìn rẹ̀ jáde. N kò rí ẹranko náà rí, àmọ́ mo fẹ́ràn rẹ̀.)

Ẹnu àwa olùkọ́ ló ń ba ìdánwò yìí jẹ́. Ọmọ á nawọ́, a ní “o káre!”. Ẹ̀kọ́ nìyẹn, kì í ṣe ìdánwò mọ́. Ojú pàápàá ń sọ̀rọ̀: ọmọ mìíràn á kàn máa mú ibi tí olùkọ́ ń wò, òmíràn kò sì ní kúrò lápá ọ̀tún, ohun yòówù kó wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá ń pààrọ̀ àyè àwọn àwòrán àti ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń yàn kò lè mọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ kan sókè ojú ewé yẹn, kí àwòrán mẹ́ta wà nísàlẹ̀, kí ọmọ yan èyí tó bá a mu. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kó jẹ́ àwòrán kan lókè, ọ̀rọ̀ mẹ́ta nísàlẹ̀. Bí ẹ bá ya ajá, ẹ kọ “ajá”, “ajé” àti “àjà”, kí ó má baà jẹ́ pé lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan lọmọ ó máa wò. Ìdáhùn kó wà ní ojú ewé mìíràn.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ àwọn ọmọ tí ìwé kíkà nira fún