Ṣẹ́gun, má kó irin wá, bíríkì ni ká fi mọ ààrò ẹran

Ìsánlú,
Ìpínlẹ̀ Kogi.

Ṣẹ́gun ọ̀rẹ́ mi,

Òkun o. Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo rí fọ́tò ààrò onígáàsì tí o fẹ́ kó sínú kọ̀ǹténà láti Kánádà, kí ẹ lè máa fi sun ẹran lẹ́yìn ilé tuntun yìí bí o bá dé. Ó rẹwà. Ṣùgbọ́n òjò ilé wa á jẹ irin yẹn, bí nǹkan kan bá sì bàjẹ́ lára rẹ̀, ta ló ń ta irú rẹ̀ ní Ìsánlú? Bíríkì pupa ni kí a fi mọ ọ́n. Mo ti mọ tèmi sẹ́yìn ilé, òun la fi sun ẹja Lọ́kọ́ja tí a jẹ nígbà Kérésì. Ìyá mi rí i, wọ́n ní èmi tí n kò tíì kun ilé tán ni mo ń kọ́lé fún ẹran. Àwọn náà ló sì kọ́kọ́ bèèrè orí ẹja.

Bíríkì tí wọ́n sun nínú iná ni mo ń wí o, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù. Búlọ́ọ̀kù máa ń sán bí iná bá ń rà á lemọ́lemọ́. Bíi 110 á tó, èyí tó máa fọ́ ti wà nínú rẹ̀. Ògiri mẹ́ta péré ni, iwájú á ṣí sílẹ̀. Inú rẹ̀ á fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 65, á jìn tó 45, á sì ga ní ìlà méjìlá. A ó gbẹ́ ilẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 15, a ó da òkúta sí i, a ó da kọnkéré lé e. Láti mọ̀ bóyá igun gún, wọn 60 lápá kan, kí o wọn 80 lápá kejì. Bí ìdábùú àárín wọn bá jẹ́ 100 géérégé, ó gún nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ohun tí a fi ń lẹ bíríkì ló fa àríyànjiyàn. O mọ̀ pé Ọ̀bàjànà tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì ò jìnnà sí wa, òun ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn bíríkìlà. Mo ní kí tèmi fi sìmẹ́ńtì mọ ọ́n dé ìlà keje, níbi tí èédú máa jókòó sí, kó wá fi amọ̀ mọ òkè. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ilé àtijọ́ là ń kọ́ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Iná tó le máa ń fa omi inú sìmẹ́ńtì gbẹ, á sán, á wá máa ya bí ọjọ́ ti ń lọ. Amọ̀ ọ̀gán ní tirẹ̀ ń le sí i ni. Òun náà kọ́ ni àwọn ìyá wa fi ń mọ ààrò? Gún un, jọ̀ ọ́, fi yanrìn odò àti eérú díẹ̀ pò ó. Ṣù ú kékeré, sá a. Bó bá sán, fi yanrìn kún un; bó bá ń ya lọ́wọ́, yanrìn ti pọ̀ jù. Kí wọ́n rẹ bíríkì sómi kí wọ́n tó tò ó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á fa omi inú amọ̀ mu. Òjò nìkan ni amọ̀ ń bẹ̀rù, nítorí náà sìmẹ́ńtì ni kí wọ́n fi lẹ ìlà tó kẹ́yìn lókè, ká sì máa fi páànù bò ó nígbà òjò.

Ọ̀pá irin kéékèèké ni a ó tẹ̀ sáàárín bíríkì ní ìlà keje, ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá, kí orí wọn yọ sínú. Àwo irin tó nípọn, tí wọ́n lu ihò sí, ni èédú máa wà nínú rẹ̀ lórí èyí tó wà nísàlẹ̀. Irin tí ẹran ń sùn lé á wà lórí èyí tí o bá fẹ́ nínú méjì òkè, bí iná bá ti le tó. Kí wọ́n má lẹ àwo èédú àti irin ẹran yìí mọ́ ògiri: irin ń wú bó bá gbóná, á fọ́ ògiri. Wẹ́dà á fẹ́ bá ẹ fi irin onísíǹkì ṣe é kó má bàa dípẹtà. Má gbà. Bí iná bá mú síǹkì dáadáa, èéfín tó ń yọ kò dáa fún èèyàn.

Èédú igi líle ni kí ẹ máa lò. Èèpo kajú pọ̀ káàkiri ọ̀dọ̀ wa, àwọn ọmọ sì lè fẹ́ kó o sínú iná. Ẹ má ṣe é, òróró inú rẹ̀ ń bó èèyàn lára, èéfín rẹ̀ sì ń ta ojú.

Ó ku ibi tí a ó mọ ọ́n sí. Má sọ pé abẹ́ igi máńgòrò, iná á pa ewé rẹ̀, nígbà ọyẹ́ sì rèé, ẹyin iná kan lè fò wọ igbó gbígbẹ ẹ̀yìn ilé. Àríwá ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, ti òjò ń gba gúúsù ìwọ̀-oòrùn, nítorí náà kí ẹnu ààrò kọ sí gúúsù ìlà-oòrùn, kí afẹ́fẹ́ máa gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, kí èéfín má bàa bo ẹni tó ń sun ẹran. Ní ilé tìrẹ, àárín kànga àti ọgbà ló bá a mu lójú tèmi. Bí o bá fara mọ́ ọn, fèsì kíá kí n lè sọ fún àwọn tó ń sun bíríkì, torí bí òjò bá ti wọlé, wọn ò ní sun ún mọ́.

Bá mi kí ìyàwó.

Èmi ni,
Fẹ́mi