Ẹ̀sùn lórí bí ẹ ṣe de sílíńdà gáàsì sínú ọkọ̀ mi

Òpópónà Ìyìn,
Adó-Èkìtì,
Ìpínlẹ̀ Èkìtì.
Ọjọ́ 17, Oṣù Kejì, 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Ilé-iṣẹ́ tó ń yí ọkọ̀ sí gáàsì,
Ẹ̀ka Adó-Èkìtì.

Ọ̀gá mi,

SÍLÍŃDÀ CNG INÚ SIENNA MI KÒ DÚRÓ DÁADÁA: Ẹ TÚ U, KÍ Ẹ SÌ TÚN UN DÈ

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmójútó. Èmi ni mo ni Toyota Sienna aláwọ̀ eérú tí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín yí sí gáàsì CNG, gáàsì tí wọ́n fún pọ̀ sínú sílíńdà tí ọkọ̀ ń lò dípò bẹntiróòlù, nínú ọgbà yín ní ìparí ọdún tó kọjá. Ọkọ̀ èrò ni. Adó sí Iléṣà ni mo ń ná, mò ń gba Ìyìn, Ìgèdè, Àrámọkọ, Ìtawùrẹ́, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti Erinmọ kọjá. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà yẹn: ẹ ó gun òkè, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀, kọ́nà lórí kọ́nà, kòtò láàárín. Mo ti sọ ọ̀nà tí mò ń ná fún ọ̀gá tó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, ó sì ní kò séwu.

Ẹ̀sùn mi kì í ṣe lórí ẹ́ńjìnì. Iṣẹ́ tí ẹ ṣe níwájú ọkọ̀ dára. Bẹntiróòlù ló fi ń ṣíná, tó bá gbóná díẹ̀ á bọ́ sórí gáàsì fúnra rẹ̀, kì í wúkọ́, kì í kú lójú ọ̀nà. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí lítà epo tí kò tó igba náírà tẹ́lẹ̀ sì fò kọjá ẹgbẹ̀rún kan ní ọdún 2024, gáàsì yìí ló jẹ́ kí n ṣì wà nídìí iṣẹ́ mi. Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ̀wé sí yín. Mo fẹ́ máa lò ó lọ, àmọ́ mi ò fẹ́ kó gba ẹ̀mí ẹnikẹ́ni.

Àwọn èrò ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ fura. Tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n tí mo tẹ brékì, nǹkan kan á dún "kọ̀" lẹ́yìn. Tí mo bá tún fún un níná, á dún "kọ̀" padà. Ìyá àgbà kan tó jókòó sí ìlà ẹ̀yìn pátápátá ló bi mí pé, "Awakọ̀, kí ló ń kànlẹ̀kùn lẹ́yìn mi látàárọ̀?" Nígbà tí èrò sọ̀ tán, mo kó ẹrù kúrò nínú búùtù, mo ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, mo sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i.

Ohun tí mo rí rèé. Bẹ́líìtì irin méjì ló di sílíńdà náà mú, kò sí rọ́bà kankan láàárín bẹ́líìtì àti sílíńdà. Irin ń ha irin. Ọ̀dà ti ṣí lára sílíńdà lábẹ́ bẹ́líìtì ọwọ́ ọ̀tún, ojú ibẹ̀ ń dán, ìpata sì ti ń yọ ní etí rẹ̀. Bóòtì mẹ́rin ló yẹ kó mú férémù rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Méjì tó wà níwájú kan irin gidi. Méjì ẹ̀yìn, páànù ilẹ̀ ọkọ̀ lásán ni wọ́n gbà kọjá, pẹ̀lú wáṣà kékeré lábẹ́, kò sí irin kankan tó gbé wọn ró. Ihò ọ̀kan nínú wọn kì í ṣe róbótó mọ́. Ó ti ya síwájú débi pé èékánná mi wọ inú rẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì ti sílíńdà náà, ó sì mì.

Ọ̀gá mi, láti ọjọ́ yẹn ni oorun kò ti kùn mí mọ́. Táyà Sienna yìí, 35 lórí géèjì ni fọkanáísà máa ń fi atẹ́gùn sí i dé. Bí sílíńdà yín bá kún ní ilé gáàsì, 200 bar (òṣùwọ̀n agbára tí gáàsì fi ń ti ara sílíńdà) ló wà nínú rẹ̀, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000 lórí géèjì fọkanáísà. Irin tó di agbára tó báyìí mú kò gbọdọ̀ ní ohun tí yóò máa ha á lára lójoojúmọ́, pàápàá jù lọ lábẹ́ bẹ́líìtì níbi tí ojú kò tó.

Ìwúwo rẹ̀ náà ńkọ́? Ìwé tí ẹ fún mi fi hàn pé 60 kílò ni sílíńdà náà, láìka gáàsì inú rẹ̀. Ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní R110, tí ẹ kọ sára pátákó ẹnu ọ̀nà yín pé ẹ ń tẹ̀ lé, sọ pé nínú ọkọ̀ kékeré, ìdè sílíńdà gbọ́dọ̀ lè dá a dúró bí agbára tó tó ìlọ́po 20 ìwúwo rẹ̀ bá ta á sí ọ̀nà tí ọkọ̀ ń lọ, àti ìlọ́po 8 sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ ṣírò rẹ̀: 60 lọ́nà 20 jẹ́ 1,200 kílò. Àpò sìmẹ́ǹtì 24 nìyẹn, tó ń fò bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bóòtì mẹ́rin tí méjì nínú wọn wà nínú páànù tó ti ya ni ẹ sì ní kó dá a dúró. Iwájú sílíńdà náà gan-an ni ìjókòó ìlà ẹ̀yìn wà. Ẹ̀yìn èrò ló máa kọ́kọ́ bà.

Mo ti rí ibi tí wọ́n ti dè é bó ṣe yẹ, lára ọkọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi kan tí wọ́n yí ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Wọ́n fi irin gbọọrọ sábẹ́ ọkọ̀, ó so ṣásí ọ̀tún mọ́ tòsì, bóòtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì gba inú irin náà kọjá. Rọ́bà dúdú tó nípọn wà nínú bẹ́líìtì yí ká. Nọ́ọ̀tì tí kì í tú fúnra rẹ̀ ni wọ́n lò. Kò sí awo kankan níbẹ̀, iṣẹ́ tí mẹkáníìkì tó bá fara balẹ̀ lè ṣe ni.

Ibi tí ẹ kọ orí sílíńdà sí náà kò dára. Fáàfù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara ọkọ̀ lápá òsì; bí ẹnikẹ́ni bá gbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, òun ni yóò kọ́kọ́ gba ìlù. Kò sí ohun tó bò ó. Èrò ọ̀nà wa kì í sì í rìn lọ́wọ́ òfìfo. Isu ni, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, kẹ́ẹ̀gì epo pupa ni, gbogbo rẹ̀ ló ń fara ti fáàfù yẹn, tó sì ń gún un ní gbogbo kòtò tí mo bá bọ́ sí.

Èyí tó wá bà mí lẹ́rù jù ni pé Sienna kò ní búùtù tó dá dúró. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú búùtù ni èrò ń mí símú. Gáàsì yìí fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí fáàfù bá jò, á gbéra sókè, á kó jọ sábẹ́ òrùlé ọkọ̀, lókè orí èrò. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń fi àpò tí kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde bo fáàfù, tí wọ́n á wá fi ọ̀pá rọ́bà gba ilẹ̀ ọkọ̀ kọjá, kí ohun tó bá jò lè bọ́ síta. Àpò kò sí nínú ọkọ̀ mi, ọ̀pá kò sí. Bẹ́ẹ̀ àpò àti ọ̀pá wà lórí rìsíìtì yín, mo sì sanwó wọn. Ohun kékeré kan tún wà lára fáàfù, èyí tó máa ń yọ́ bí iná bá ń jó ọkọ̀, kí gáàsì lè tú jáde kí sílíńdà má baà bú. Bí ẹ ṣe ṣe é yìí, inú ọkọ̀, láàárín èrò, ni yóò tú gáàsì náà sí.

Páìpù tó gbé gáàsì lọ síwájú, ẹ fi táì rọ́bà so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ sàléńsà. Ooru ibẹ̀ á yọ́ táì yẹn láìpẹ́. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀.

Mo gbé ọkọ̀ lọ sí ilé gáàsì lẹ́yìn èyí. Ọmọbìnrin tó ń bu gáàsì ní kí n ṣí búùtù, ó fẹ́ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára sílíńdà: nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Kò rí i. Ilẹ̀ ni ẹ dojú rẹ̀ kọ. Ó mú dígí kékeré kan, ó dọ̀bálẹ̀, ó tan iná fóònù rẹ̀, kò rí ju nọ́ńbà méjì lọ, ló bá ní òun kò ní bu gáàsì sí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A kò tíì gbàgbé ọkọ̀ tó bú gbàmù ní ìlú Benin, Ìpínlẹ̀ Edo, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 níbi tó ti ń gba gáàsì, tí ìjọba sọ pé sílíńdà tí wọ́n fi wẹ́dì jó pọ̀, tí kì í ṣe ojúlówó ti CNG, ló wà nínú rẹ̀. Mi ò sọ pé irú rẹ̀ ni ẹ fún mi o. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí ẹ ṣe dojú rẹ̀ bolẹ̀, èmi tí mo sanwó kò lè fi ẹ̀rí hàn ẹnikẹ́ni pé kì í ṣe irú rẹ̀.

Mo pè yín lórí fóònù. Ẹni tó gbé e ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọkọ̀ tí ẹ ti ṣe ṣe rí, pé kí n wá àkísà tó nípọn kí n ki í sábẹ́ bẹ́líìtì, ariwo á dákẹ́. Ọ̀gá mi, ariwo kọ́ ni mo pè yín sí. Ariwo yẹn ló ta mí lólobó. Àkísà á mu omi, á sì jẹ́ kí ìpata yá sí i. Ẹni tó bá lè fi irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ran awakọ̀ èrò, kò yẹ kó máa dá gbé fóònù ilé-iṣẹ́ yín.

Ohun tí mo fẹ́ kò le. Kí ẹ tú sílíńdà náà kúrò pátápátá, kí ẹ wo ibi tó ti ha. Bí ìpata bá ti jẹ ẹ́ wọnú, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má fi ọ̀dà kùn ún lé e lórí. Kí ẹ fi irin sábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀, kí ẹ tún páànù tó ya ṣe, kí ẹ fi rọ́bà, àpò àti ọ̀pá tí mo ti sanwó wọn sí i, kí ẹ yí ojú sílíńdà sókè kí ẹni tó bá ṣí búùtù lè kà á, kí ẹ sì kọ fáàfù síbi tí ẹrù kò ti ní gún un. Kí ẹ fún mi ní ìwé ẹ̀rí sílíńdà náà pẹ̀lú nọ́ńbà tó bá ti ara rẹ̀ mu. Mi ò ní san kọ́bọ̀ kan lórí gbogbo èyí. Owó iṣẹ́ tí mo ń pàdánù láti ìgbà tí mo ti gbé ọkọ̀ kalẹ̀, mo fẹ́ kí a jókòó sọ ọ́ pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tó ká mi lára ju ti ara mi lọ. Ẹni yín ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọkọ̀ tí ẹ ti ṣe ṣe rí. Bó bá jẹ́ òótọ́ ló sọ, a jẹ́ pé àwọn mìíràn ń gbé èrò kiri ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìjerò, ní Ìkọ̀lé, tí wọn kò mọ ohun tó ń mì lẹ́yìn wọn. Orúkọ wọn àti nọ́ńbà fóònù wọn wà nínú ìwé yín. Ẹ pè wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gbé ọkọ̀ wá. Ẹ̀mí kò láàrọ̀.

Òfin tó dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, ti ọdún 2018, fún mi lẹ́tọ̀ọ́ láti gba iṣẹ́ tí kò ní fi ẹ̀mí mi wewu. Bí n kò bá gbúròó yín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀dà lẹ́tà yìí pẹ̀lú àwòrán tí mo yà yóò lọ sí àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà àti SON tó ń bójú tó ojúlówó ọjà. Ó wù mí kó má dé ibẹ̀.

Ọkọ̀ náà wà nílé mi, mo ti ti fáàfù rẹ̀ pa, mi ò sì ní fi gbé èrò. Kí ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn ọmọ iṣẹ́ wá. Mo fẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ kí n tó fọwọ́ sí ìwé kankan.

Èmi ni tiyín,
Awakọ̀ Sienna, ọ̀nà Adó sí Iléṣà.