Fínígà ápù kì í ṣe oògùn ọkàn

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o.

Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi tako ìròyìn yín tó ní fínígà ápù (omi kíkan tí wọ́n fi èso ápù ṣe) ń ṣí òpó ẹ̀jẹ̀ tó ti dí, nítorí pé ìwádìí kankan kò tíì fi hàn pé ó ń dènà àrùn ọkàn.

Ohun tí àwọn ìwádìí kéékèèké rí kò ju pé ó lè dín ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù díẹ̀. Èyí tó pariwo jù nínú wọn, tí wọ́n ní àwọn ṣe fún 120 ọ̀dọ́ ní Lẹ́bánónì, tó sì jáde lọ́dún 2024, ni àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ti fà sẹ́yìn ní 2025 torí pé ìṣirò inú rẹ̀ kò ṣeé gbára lé. Ẹ kò sì mẹ́nu kàn án.

Ohun tó ń kó ìdààmú bá mi jù ni àwọn tó ń pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn tì, tí wọ́n wá ń da fínígà tó kún ìdérí ìgò kan sínú omi láràárọ̀ (ká má tilẹ̀ sọ ti eyín tí kíkan rẹ̀ ń jẹ). Ẹni tó bá sì ń lo oògùn tó ń mú ni tọ̀, tó tún ń mu fínígà lámujù, lè pàdánù èròjà potassium tí ọkàn fi ń lù déédéé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ìròyìn náà ṣe.

Nọ́ọ̀sì kan,
Abẹ́òkúta.