Ọjà ṣí, ilé ẹ̀kọ́ kò ṣí

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Bí ọ̀rọ̀ kónílé-ó-gbélé àrùn Kòrónà ọdún 2020 bá délẹ̀, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni àgbàlagbà máa ń rántí: láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta tí ìjọba àpapọ̀ ti Èkó, Ògùn àti Àbújá pa, di ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ òfin náà. Ti ọmọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ni àwọn SS3, kíláàsì àṣekágbá girama, tó wọlé padà, ó sì di oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá kí àwọn yòókù l'Ékòó tó máa tẹ̀ lé wọn.

Ohun tí wọ́n pàdánù ju ìṣirò lọ. Agogo ilé ẹ̀kọ́ ló ń bá ọmọ pín ọjọ́: ìgbà tó máa jí, ìgbà tó máa jẹun, ìgbà tó máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Bí agogo bá ti dákẹ́, oorun ló máa ń kọ́kọ́ dàrú. Ọ̀dọ́langba á tẹ fóònù di aago méjì òru, á sùn di ọ̀sán, ara á kan án gógó. Òbí á ní ọ̀lẹ ni, ìjà á bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń jí ní aago mọ́kànlá kò lè jí ní mẹ́fà lọ́la. Ẹ máa fi ìṣẹ́jú 15 sí 30 jí i ṣáájú ti tẹ́lẹ̀ ní ọjọ́ méjì-méjì. Kó bọ́ síta fún ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ bó bá ti jí. Kí fóònù gbogbo ilé, ti òbí náà pẹ̀lú, máa sùn ní pálọ̀. Ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10.

Àwọn SS3 tún ru ẹrù mìíràn. Ìdánwò àṣejáde WAEC tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ò ní ọjọ́ kan pàtó. Ní oṣù Keje mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé ọmọ Nàìjíríà ò ní ṣe é, ìjọba tún yí i padà, ó sì wáyé ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ. Irú ìdúró bẹ́ẹ̀ máa ń gba ọkàn ọmọ ju ìdánwò tó le lọ.

Ọmọ kékeré kì í sọ pé ọkàn òun dàrú. Inú á máa run ún, á padà sí títọ̀ sílé, kò ní fẹ́ kí ìyá rẹ̀ kúrò lójú rẹ̀. Ọmọ tó dàgbà díẹ̀ á pa ọ̀rẹ́ tì, kò ní fẹ́ wẹ̀. Bó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ wá ìrànlọ́wọ́. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n ẹ má fi ààwẹ̀ lé ọmọ tí kò rí oorun sùn. Ẹ bi í láìfọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: “Ṣé ó ti ń wá sí ọ lọ́kàn pé kí o kú?” Ìbéèrè yìí kì í gbin èrò náà sí ọmọ lọ́kàn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ ti oògùn àti apakòkòrò mọ́ inú àpótí, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró l'Abẹ́òkúta tàbí ti Yábàá l'Ékòó, tàbí ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn, lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀kọ́ orí rédíò ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n rédíò kì í béèrè pé báwo lara. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá tún tì, olùkọ́ lè pe ọmọ lórí fóònù, kó béèrè. Kíláàsì ọmọ 40, ọmọ mẹ́jọ lójúmọ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: ọ̀sẹ̀ kan ti kárí gbogbo wọn. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni kí òbí gba ìpè, kó ní “ara rẹ̀ le,” kó sì pa á. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni kó gbé fóònù bọ́ síta. Kí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àṣetiléwá sì kẹ́yìn nínú ìpè náà. Owó káàdì ìpè kò yẹ kó jáde nínú àpò olùkọ́. Kí àwọn iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ kọ ìpè yìí àti owó rẹ̀ sínú ètò pàjáwìrì wọn, kí ilé ẹ̀kọ́ sì gba nọ́ńbà òbí sílẹ̀ nísinsìnyí tí ọmọ ṣì ń wá sí kíláàsì.

Àwa olùdámọ̀ràn ọmọ ilé ẹ̀kọ́,
Abẹ́òkúta