Ẹ má tíì ta Ìjàpá yẹn fún onírin

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà tí ẹnìkan kọ sí yín láti Abẹ́òkúta ló jẹ́ kí n mú bírò. Ó ní òun fẹ́ ta Ìjàpá, ọkọ̀ Volkswagen Beetle tí bàbá òun fi sílẹ̀, fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, torí kì í dé Ṣágámù kó tó gbóná. Ó ní ẹ́ńjìnì tí kò ní rédíétọ̀, tó tún lọ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, kò lè bá ooru ilẹ̀ wa mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá àbúrò mi yẹn dúró.

Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, ní Òkè-Àdó. Mo bẹ̀rẹ̀ ní 1979, mo gba fíríìdọ̀mù ní 1983. Ìjàpá nìkan ni ọ̀gá mi ń tún ṣe. Ní 1975 ni Volkswagen ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní ìlú Ọjọ́ ní Èkó, lójú ọ̀nà Badagry, kò sì pẹ́ tó fi kún ìgboro: tíṣà ń gùn ún, nọ́ọ̀sì ń gùn ún, àlùfáà ń gùn ún. Mo mọ oníbàárà wa kan tó máa ń fi tirẹ̀ lọ Sókótó lọ kí ọmọ rẹ̀. Ṣé ooru Abẹ́òkúta ló wá ju ti Sókótó lọ ni?

San Bernardino ní California ni mo ń gbé báyìí, mo sì ti fẹ̀yìn tì. Ọkọ̀ kan tí mo ń tò lẹ́yìnkùlé ni mo fi ń pa ìrọ̀lẹ́, irú èyí tí wọ́n ń pè ní hot rod níbí. Láyé àwọn ọdún 1930, àwọn ọ̀dọ́ agbègbè yìí a máa ra Ford àlòkù, Model T tàbí Model A, ní owó pọ́ọ́kú. Wọ́n á tú mọ́gáàdì dànù, wọ́n á tú ohun gbogbo tó bá wúwo, wọ́n á wá ẹ́ńjìnì tó le sí i, wọ́n á wá gbé e lọ sáré lórí adágún gbígbẹ nínú aṣálẹ̀. Wọ́n ṣì ń sáré ní El Mirage, ọ̀kan nínú àwọn adágún náà, títí dòní. Iwájú ni ẹ́ńjìnì tiwọn máa ń wà. Mo ní èmi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjàpá ni mo mọ̀, Ìjàpá ni n ó fi ṣe.

Ṣáṣí Ìjàpá 1964 ni mo lò, mo wá ẹ́ńjìnì 1600 ti 1970 sí i, mo sì ra bọ́dì fáíbà tí wọ́n ṣe bíi Model T ti 1927. Wàhálà bẹ̀rẹ̀. Láti táyà iwájú dé tẹ̀yìn, ínǹṣì 94.5 ni Ìjàpá. 100 ni Model T. Mo gé orí ṣáṣí, mo jó ínǹṣì márùn-ún àbọ̀ mọ́ ọn, ni irin sítíárìn àti páìpù bíréèkì bá kúrú. Fáíwììlì, irin róbótó eléyín tó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti gíábọ́ọ̀sì, tún dé: eyín 109 ni ti 1964, eyín 130 ni ti ẹ́ńjìnì tuntun, kò sì gbà á nínú ilé gíábọ́ọ̀sì. Alẹ́ méjì gbáko ni mo fi ha inú rẹ̀. Ìyàwó mi ní ṣé mo ti di oníṣègùn eyín ni. Àmọ́ ẹ wá wo iwájú rẹ̀: ojú Ford gidi, tó dá bí ẹni pé rédíétọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, táǹkì epo ló sì wà níbẹ̀. Òyìnbó arúgbó kan bẹ̀rẹ̀ wò ó nílé epo, ó wo táǹkì, ó wo ojú mi. Mo na ìka sẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi rèé o. Ẹni tó bá ní hot rod fẹ́ kí ayé rí ẹ́ńjìnì òun. Mo tú gbogbo páànù tó yí ẹ́ńjìnì náà ká dànù, mo fi ilé fáànù nìkan sílẹ̀, ó ń dán gbinrin. Lóṣù keje ọdún tó kọjá, mo gba orí òkè Cajon lọ sí El Mirage. Òkè náà lé ní 4,000 ẹsẹ̀ bàtà. N kò tíì dé orí rẹ̀ tí mo gbọ́ òórùn bíi ti áyọ́ọ̀nù tí wọ́n gbàgbé sórí aṣọ. Iná ọ́ìlì ṣẹ́jú. Kí n tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ti nọ́ọ̀kì.

Nígbà tí mo tú u, fáàfù tó ń tú èéfín jáde ní sìlíńdà kẹta ló já. Orí rẹ̀ rì sínú písítìn, ó jókòó síbẹ̀ bí owó ẹyọ inú ẹrẹ̀. Ojú sì tì mí, torí mo mọ̀ ọ́n. Ọ́ìlì kúlà, ohun tó ń mú ọ́ìlì tutù, tó wà nínú ilé fáànù ló dí atẹ́gùn sìlíńdà kẹta lọ́nà; Volkswagen fúnra wọn sún un kúrò níbẹ̀ láti ọkọ̀ 1971. Ẹ́ńjìnì 1970 tèmi kò tíì ní àtúnṣe yẹn. Ọ̀gá mi a sì máa wí pé, “Páànù ni rédíétọ̀ Ìjàpá.” Fáànù á fẹ́ atẹ́gùn tútù wálẹ̀, páànù á darí rẹ̀ yí sìlíńdà ká, páànù tó kù á sé atẹ́gùn gbígbóná mọ́ ìsàlẹ̀ kó má baà padà sókè. Bí o bá tú wọn, ooru ara rẹ̀ ni ẹ́ńjìnì yóò máa fà símú. Lítà méjì àbọ̀ ọ́ìlì péré ló ń gbà. Kò lè dá a tù.

Ohun tó ṣe Ìjàpá Abẹ́òkúta nìyẹn, mo fẹ́ẹ̀ lè búra. Bóòtù mẹ́rin ló so ẹ́ńjìnì náà mọ́ gíábọ́ọ̀sì, kíá ni wọ́n máa ń sọ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń gbé e padà, ọmọṣẹ́ tó ń kánjú á fi páànù kékeré kan sílẹ̀, á ní ó ṣẹ́kù. Ọdún mìíràn, òmíràn. Rọ́bà etí ẹ́ńjìnì náà á jẹrà. Ogójì ọdún nìyẹn. Kí àbúrò mi dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ bàbá rẹ̀ kó wò ó. Kó wo fánbẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, torí òun kan náà ló ń yí fáànù. Ọ̀gá mi kì í jẹ́ kí oníbàárà lọ Èkó láìfi ọ̀kan sábẹ́ àga.

Mo ti dá gbogbo páànù tèmi padà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní mo wọ agbádá fún hot rod. Ó yá. Lóṣù kẹsàn-án mo tún gun Cajon, mo dúró lórí rẹ̀, mo fa géèjì ọ́ìlì yọ, mo fi ìka méjì dì í mú bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi, láti mọ̀ bóyá ọ́ìlì ti gbóná jù. Mo dì í mú títí mo fi ka ogún, mo nù ún mọ́ ṣòkòtò, mo tì í padà.

Bí kò bá rí páànù abẹ́ sìlíńdà rà nílé, kó kọ̀wé sí yín. Mo ní ìdì méjì níbí tí n kò lò.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Ìbàdàn ní San Bernardino