Káàdì ìpè ẹgbẹ̀rún kan náírà gbé èlé oṣù kan lọ

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ dákun, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí síta, nítorí inú ń bí mi, n kò sì mọ ẹni tí mo tún lè fẹjọ́ sùn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2025, mo lọ sí báńkì mi ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí láti béèrè ohun tó dé tí èlé oṣù Kẹfà kò fi wọ àkáǹtì ìfowópamọ́ mi. Kọ́bọ̀ kò wọlé. Ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́, ó wò ó, ó ní, "Bàbá, ẹ ti gba owó ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lóṣù tó kọjá. Ẹni tó bá ti ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ kì í ní èlé."

Mo ní kó kà á sí mi létí. Bó ṣe ń ka ọjọ́ àti iye owó ni mo ń rántí ohun tí mo fi ṣe. Àgbò Iléyá, ọ̀kan. Aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwa ojúgbà, fún Ojúde Ọba, èjì. Owó ọkọ̀ tí àwọn ọmọ-ọmọ mi fi padà sí Èkó, ẹ̀ta. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀rin. Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹrin náà nìyẹn o." Ó ní rárá, ìkarùn-ún wà ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n: ₦1,000 tí mo fi ra káàdì ìpè lórí fóònù. Káàdì ìpè tí n kò tíì pè tán!

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Báńkì àpapọ̀, CBN, ló pàṣẹ pé èlé tí báńkì máa san lórí àkáǹtì ìfowópamọ́ kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 30 nínú 100 òṣùwọ̀n èlé tí CBN fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ fún àwọn báńkì, èyí tí wọ́n ń pè ní MPR. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2024 títí wọ oṣù Keje ọdún 2025, ìdá 27.5 nínú 100 ni MPR wà. Ìdá 30 rẹ̀ jẹ́ 8.25. Ká fi í sí pé ₦400,000 péré ló sùn sínú àkáǹtì mi, lẹ́yìn gbogbo náwónáwó ọdún. Èlé rẹ̀ lọ́dún jẹ́ ₦33,000. Ẹ pín in sí ọjọ́ 365, ó lé díẹ̀ ní ₦90 lójúmọ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ka èlé yìí lórí iye tó bá wà nílẹ̀, ìparí oṣù ni wọ́n ń san án. Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹfà jẹ́ nǹkan bíi ₦2,712. Tí wọ́n bá yọ ìdá 10 owó orí, á ku bíi ₦2,440.

Kì í ṣe owó ńlá, mo mọ̀. Wọ́n á ní Ìjẹ̀bú ni, ó fẹ́ràn owó. Ṣùgbọ́n owó mi ni. Olùkọ́ ìṣirò ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ìdí nìyẹn tí mo fi lè jókòó tì í. Ṣé ìyá tó ń ta gàrí ní Òkè-Ajé ló máa jókòó ṣe èyí?

Èyí tó dùn mí jù nìyí: kí n tó ra káàdì ìpè yẹn, èlé ọjọ́ 26 ti wà nílẹ̀. Wọ́n ti kà á. Owó mi ti sùn lọ́wọ́ wọn ní òru 26, wọ́n sì ti fi ṣòwò. Ibo ni èlé yẹn gbà lọ? Àbúrò mi tó ń ta páànù yá owó ní báńkì lọ́dún 2025, ìdá 32 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ kan kò gbọdọ̀ yẹ̀ lórí tiwọn. Tiwa, ìka kan lórí fóònù ti gbé e lọ.

Wọn kò sì lè ní àwọn kò rí ọ̀nà sọ fún mi. Kò sí owó tí mo gbà tí alẹ́ẹ̀tì kì í wọlé, wọ́n sì ń yọ ₦6 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti oṣù Karùn-ún ọdún 2025, nígbà tó jẹ́ ₦4 tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń kí mi kú ọjọ́ ìbí. Wọ́n ń bi mí bóyá mo fẹ́ yá owó. Ẹni tó rántí ọjọ́ ìbí mi kò wá lè sọ pé, "Bàbá, ẹ ṣọ́ra, ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé"?

Àwọn ọ̀gá CBN tó jókòó sí Àbújá náà ní tiwọn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ni wọ́n já ìdá 30 yẹn sí 10 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, tí èlé wa fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfo, ó sì di oṣù Kẹjọ ọdún 2022 kí wọ́n tó dá a padà. Ta ló bi wá léèrè? Ìgbà tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń gbé e sókè sódò.

Ohun tí mo fẹ́ kí báńkì ṣe kò le. Kí wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ alájọ. Alájọ ìyá mi máa ń gbé káàdì wá láràárọ̀, páálí pẹlẹbẹ tó ní ojú 31. Tí ìyá mi bá ti dá owó, á fi bírò fa ìlà sójú ọjọ́ náà, lójú ìyá mi, ìyá mi kò sì mọ ìwé kà. Lópin oṣù, wọ́n á jọ ka ìlà, alájọ á mú ti ọjọ́ kan fún wàhálà rẹ̀, á kó ìyókù sílẹ̀. Gbogbo ayé mọ ọjọ́ kan yẹn, kò fi pamọ́. Alájọ Ṣómólú tí wọ́n ń fi pòwe, ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tiwa, wọ́n ní kì í tilẹ̀ kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, síbẹ̀ owó oníkálùkù ń pé. Báńkì tó ní kọ̀ǹpútà kò ní àwíjàre. Kí wọ́n máa fi irú káàdì bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù wa lóṣooṣù, ní Yorùbá: ọjọ́, iye tó sùn, èlé ọjọ́ náà, owó orí tí wọ́n yọ, àti iye ìgbà tí a ti gba owó. Ẹni tí kò ní fóònù ńlá, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún un ní báńkì, lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí wọ́n má sì ka káàdì ìpè mọ́ gbígba owó mọ́. Bí wọn kò bá lè fagi lé òfin ẹ̀ẹ̀mẹrin yìí, kí ó máa ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tí ẹnìkan bá rú u lọ, kí wọ́n fi ti ẹ̀yìn sílẹ̀ fún olówó.

Ní tèmi, mo ti gba owó lẹ́ẹ̀kan lóṣù Keje. Mo ti fa ìlà kan sára kàlẹ́ńdà tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Ó ku mẹ́ta.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ fẹ̀yìntì,
Ìjẹ̀bú-Òde.