Ẹ Sọ Ibi Tí Akọrin Yóò Dúró Sí Fún Wa

Sí Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ojú ìwé yín tó máa ń kéde àṣálẹ́ orin kíláásíkà nínú àwọn kàtídírà àtijọ́ wúlò púpọ̀, a kì í fi í sílẹ̀ láìkà. Ọjọ́ á wà níbẹ̀, aago á wà níbẹ̀, orúkọ olùdarí orin á hàn gedegbe. Ohun tí kì í sí níbẹ̀ ni ibi tí àwọn akọrin yóò dúró sí nínú ilé náà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun náà gan-an ló ń pinnu bóyá orin ni olùgbọ́ yóò gbọ́ àbí ìró tó kàn ń dà wọ́ọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń jáde níbi irú àṣálẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní akọrin ń kùn lásán, pé ọ̀rọ̀ kankan ò yé àwọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀bi akọrin kọ́. Ibi tí olùgbọ́ jókòó sí ni.

Nínú gbọ̀ngán tí wọ́n kọ́ nítorí orin, ìró máa ń dúró fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 2 lẹ́yìn tí olórin bá ti dákẹ́. Kàtídírà olókùúta ò rí bẹ́ẹ̀. Òkúta, gíláàsì àti ilẹ̀ mábù kì í fa ìró mu, ńṣe ni wọ́n ń dá a padà, òrùlé tó ga fíofío sì fún un láyè láti máa rìn kiri. Ní Notre-Dame ti Paris, ó lè tó ìṣẹ́jú-àáyá 6 kí ìró tó kú tán. Lábẹ́ òrùlé rìbìtì St Paul's ní London, ó lè kọjá 10. Bí akọrin bá ń kọ ohùn mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú ilé tí ìró ń dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 6, kí ohùn àkọ́kọ́ tó kú tán, àwọn tó ti gun orí rẹ̀ ti lé ní 20.

Ohùn méjì ló ń dé etí wa níbẹ̀. Ọ̀kan ti ẹnu akọrin wá tààrà. Èkejì ti ara ògiri, òpó àti òrùlé padà wá. Èyí tó wá tààrà ló ru ọ̀rọ̀ orin, èyí tó padà wá ló ru ẹwà ilé náà, a sì nílò méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń jìnnà sí akọrin ni ti àkọ́kọ́ ń dín kù, nígbà tí èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba káàkiri ilé. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn pátápátá yóò gbọ́ ẹwà, kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀.

Tí akọrin bá dúró sórí àtẹ̀gùn iwájú pẹpẹ, àárín gbùngbùn ilé ni kí a wá, láàárín ìlà karùn-ún sí ìkejìlá. Ìlà àkọ́kọ́ ń fani mọ́ra, àmọ́ ohùn ẹnì kọ̀ọ̀kan lèèyàn máa ń gbọ́ níbẹ̀, kì í ṣe ohùn àpapọ̀. Bí ẹgbẹ́ olóhun-èlò bá tún wà níwájú akọrin, fayolíìnì nìkan ló máa gba etí ẹni náà. Ẹ̀yìn òpó burú ju gbogbo rẹ̀ lọ, kì í sì í ṣe torí pé ojú ò ríran. Ohùn báàsì lè yí òpó ká, ohùn tó tín-ín-rín ò lè yí i. Inú ohùn tín-ín-rín yẹn sì ni àwọn kọ́ńsónáǹtì bí “s”, “t” àti “f” wà. Nítorí náà ni ẹni ẹ̀yìn òpó fi ń gbọ́ fáwẹ̀lì lásán bíi pé akọrin ń sùn. Abẹ́ gálẹ́rì náà ò dára, torí àjà tó rẹlẹ̀ lórí ẹni ti gé ìró tó yẹ kó ti òrùlé ńlá bọ̀ kúrò. Àwọn aṣètò kan máa ń ta irú ìjókòó wọ̀nyí láìsọ ohunkóhun fún olùrà. Èyí dùn wá.

Nínú ọ̀pọ̀ kàtídírà Gẹ̀ẹ́sì, ògiri onígi tàbí olókùúta kan dá ibùjókòó akọrin yà kúrò lára àárín ilé. Tí wọ́n bá kọrin lẹ́yìn ògiri yẹn, ibẹ̀ ni orin wà. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ló ń jáde síta. Kí a béèrè bóyá wọ́n gba olùgbọ́ láyè nínú ibùjókòó náà, kí a sì tètè dé, nítorí ààyè ibẹ̀ kì í pọ̀.

Ti dùùrù, ìyẹn ọ́gáànì olọ́pàá fèrè, tún yàtọ̀. Ní Notre-Dame, òkè ẹnu ọ̀nà ìwọ̀ oòrùn ni dùùrù ńlá wà, ó ní ọ̀pá fèrè bíi 8,000, ẹ̀yìn ni yóò sì wà sí ẹni tó kọjú sí pẹpẹ. Bó ṣe wà nínú ọ̀pọ̀ kàtídírà ilẹ̀ Yúróòpù nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má yí àga padà kí ó lè rí atẹdùùrù. Àárín ilé tàbí ibi tó kọjá àárín díẹ̀ ló yẹ kí a jókòó sí. Ẹni tó bá sá lọ sábẹ́ dùùrù pé kí òun lè gbọ́ dáadáa, orí rẹ̀ ni ohùn ń gbà kọjá. Àwọn dùùrù tó tóbi jù ní ọ̀pá tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 32, tó ń gbọ̀n bí ìgbà 16 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí etí ń gbọ́ tán. Ara àga ìjókòó àti àyà lèèyàn ti ń mọ̀ ọ́n.

Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí akọrin bá wà níwájú pẹpẹ tí dùùrù sì wà ní ẹnu ọ̀nà, tí àlàfo àárín wọn tó mítà 100, dùùrù yóò fi nǹkan bí ìdámẹ́ta ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ akọrin. Ìdí nìyí tí atẹdùùrù fi gbọ́dọ̀ máa wo ọwọ́ olùdarí nínú dígí tàbí lójú amóhùnmáwòrán kékeré, kí ó sì máa tẹ̀ ṣáájú ohun tí etí rẹ̀ ń sọ fún un. Bí ẹ bá gbọ́ pé méjèèjì ò bára mu, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ẹ wà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ sún mọ́ ọ̀kan jù.

Kí a tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó yẹ ká wo orin tí wọ́n fẹ́ kọ. Orin àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn olóhùn kan, iṣẹ́ Palestrina àti Victoria, àwọn òǹkọ̀wé orin ìsìn ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, inú kàtídírà ni ilé wọn. Àwọn tó kọ wọ́n mọ irú òrùlé tí wọ́n ń kọ̀wé fún. Ní St Mark's ti Venice, tó di kàtídírà ní 1807, òǹkọ̀wé orin náà Giovanni Gabrieli ti ń lo gálẹ́rì inú ilé náà láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, tí àwọn akọrin àti afọnfèrè ń dá ara wọn lóhùn láti òdì kejì. Thomas Tallis, òǹkọ̀wé orin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ orin kan fún ohùn 40, ó pín wọn sí ẹgbẹ́ 8, ohùn márùn-ún nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ta orin ohun-èlò olókùn tí Ralph Vaughan Williams, òun náà òǹkọ̀wé orin, gbé ka orí ohùn Tallis, inú kàtídírà Gloucester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1910. Ó ya àwọn olókùn díẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹgbẹ́ ńlá kí ìró wọn lè dà bí èyí tó ti ọ̀nà jíjìn wá. Anton Bruckner, òǹkọ̀wé orin ará Austria, tẹ dùùrù ní kàtídírà Linz kó tó lọ sí Vienna ní 1868, ìdákẹ́jẹ́ ńlá sì pọ̀ nínú orin rẹ̀. Inú òkúta ni ìdákẹ́jẹ́ wọ̀nyẹn ti ń ní ìtumọ̀, torí ilé ń bá a sọ̀rọ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n píánò tó ń sáré, fayolíìnì mẹ́rin tó ń bára wọn jà ní wàràwàrà, ìlù ńlá tó ń dún léraléra, omi ń pọ̀ ju ọkà lọ níbẹ̀. Ká wá wọn lọ sí gbọ̀ngán kékeré. Bí wọ́n bá sì fi ẹ̀rọ amóhùnbúgbàmù kún un, kò ní sàn, àfi tí wọ́n bá gbé àwọn ẹ̀rọ kékeré sún mọ́ olùgbọ́, tí wọ́n sì dá ohùn wọn dúró díẹ̀ kó lè bá èyí tó ń bọ̀ láti iwájú pàdé. Ẹ̀rọ ńlá méjì níwájú pẹpẹ yóò kàn da ìró púpọ̀ sí i lu ògiri ni.

Òtútù àti ooru tún ń da orin rú. Tí afẹ́fẹ́ ilé bá móoru sí i, ohùn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀pá dùùrù á gòkè. Ìyàtọ̀ ìwọ̀n Selsiọs 10 tó ohun tó súnmọ́ ìdámẹ́ta àlàfo tó wà láàárín ìtẹ̀ funfun kan àti ìtẹ̀ dúdú tó tẹ̀ lé e. Àwọn ọ̀pá tó ní ahọ́n nínú kì í bá wọn gòkè tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà dùùrù á bá ara rẹ̀ jà. Okùn fayolíìnì ní tirẹ̀ á dẹ̀ nínú ooru, ohùn rẹ̀ á rọ̀. Aṣètò tó bá to ohùn dùùrù nínú òtútù láàárọ̀, tó wá tan ẹ̀rọ ooru ní wákàtí kan ṣáájú orin, òun ló da á rú fúnra rẹ̀. Olùgbọ́ ní tirẹ̀, kó wọ aṣọ tó nípọn, kó sì mú tìmùtìmù dání, torí òkúta kì í móoru lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, igi àga àtijọ́ sì le. Níbi tí wọn kò bá ti kọ nọ́ńbà sára ìjókòó, kó dé ní ìṣẹ́jú 45 ṣáájú. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kì í pọ̀ nínú ilé tí wọ́n kọ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan sẹ́yìn, kó ti lọ kó tó jókòó.

Ó ku ti àtẹ́wọ́, èyí tó ń ba nǹkan jẹ́ jù lọ. Nígbà tí ohùn ìkẹyìn bá kúrò lẹ́nu akọrin, orin ò tíì tán. Ilé ṣì ń kọ ọ́. Ìṣẹ́jú-àáyá 6 yẹn wà lára iṣẹ́ náà, olùdarí tó mọ iṣẹ́ á fi ọwọ́ sókè títí yóò fi tán. Kí a má pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ á fi sọ̀ kalẹ̀, kí a má sì pàtẹ́wọ́ láàárín ìpín orin kan sí òmíràn. Ikọ́ náà ń gùn bí orin. Aṣọ ìnujú lẹ́nu ń dín in kù gan-an, kí a sì tú suwíìtì ọ̀fun kúrò nínú ọ̀rá rẹ̀ kí orin tó bẹ̀rẹ̀.

Olóòtú, ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju ìlà méjì lọ nínú ìkéde kọ̀ọ̀kan: ibi tí akọrin tàbí dùùrù yóò wà, bóyá nọ́ńbà wà lára ìjókòó, èwo nínú wọn ló wà lẹ́yìn òpó, àti bóyá ẹ̀rọ ooru yóò wà ní títàn. Àwọn aṣètò mọ gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá fi í sínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kún kí ẹ tó gba ìkéde wọn, wọ́n á dáhùn. A lè bá yín to àwọn ìbéèrè náà sórí ìwé kan ṣoṣo, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn.

Tiyín ní tòótọ́,
Àwa atẹdùùrù, akọrin àti afinijókòó tí ń ka ìwé ìròyìn yín